Ẹ Kú Àná Kó Tó Di Ẹ Jọ̀ọ́

(Ọ̀rọ̀ àsọyé lórí ọpẹ́ dídá nínú ayé onígbàgbọ́, ní Adó-Èkìtì)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ooru náà.

Bí ẹnì kan bá ṣe ìnáwó ní Adó níbí lọ́jọ́ Sátidé, ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú kì í tíì mọ́ tán tí wọn á ti máa kanlẹ̀kùn. "Ẹ kú ìnáwó àná o." "Ọlọ́run á dí i o." Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn yìí ti dúpẹ́ lánàá kó tó kúrò lábẹ́ àtíbàbà. Ó ti kí bàbá, ó ti kí ìyá, ó ti gbàdúrà fún wọn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọpẹ́ ọjọ́ ìnáwó nìkan kò tíì pé. Ẹni tó jẹ iyán, tó gbé abọ́ oníke tí wọ́n pín lọ sílé, tí kò sì yọjú lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó máa bá a jà, àmọ́ wọ́n ti sàmì sí i.

Ẹ wá wo bí à ń ṣe é pẹ̀lú Ọlọ́run. Ìpàdé àdúrà ọjọ́rú, wákàtí kan, kókó àdúrà mẹ́wàá. Olùdarí á ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúpẹ́." A kọ orin kan, a pàtẹ́wọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tó kù, "Bàbá, fún mi," "Bàbá, ṣe é." N ò sọ pé títọrọ burú; Jésù fúnra rẹ̀ ló ní ká béèrè. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, èyí tí a tọrọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Ta ló padà lọ kí Ọlọ́run ẹ kú àná lórí rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò ju ẹyọ kan lọ: ọpẹ́ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. À ń kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ni. Ó ní wíwọ̀n, ó ní gígé, ó ní rírán, ó sì ní ibi tí abẹ́rẹ́ ti máa ń ṣẹ́. Ẹni tó bá ń dúró dìgbà tí inú rẹ̀ bá dùn kó tó dúpẹ́, yóò pẹ́ níbẹ̀.

Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Ẹ kíyè sí i pé inú rírò ló ṣáájú. Wọn ò sọ pé ẹni tí inú rẹ̀ dùn ló mọ ọpẹ́ dá. Ìmoore là ń pe ìwà yìí, ìyẹn ni pé kí èèyàn mọ oore, kó dá a mọ̀ bí ìyá ṣe ń dá ohùn ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín èrò ọjà. Ẹni tí oore bá wọlé sí lára tí a kò rí àpẹẹrẹ rẹ̀ níta, abaraámóorejẹ ni wọ́n ń pè é. Ara rẹ̀ ti jẹ oore náà tán. Èdè Hébérù tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Láéláé tún là á yé wa sí i. Tódà ni ọpẹ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló sì wà lẹ́nu Jóṣúà nígbà tó ní kí Ákánì tó jalè jẹ́wọ́ ohun tó ṣe (Jóṣúà 7:19). Ọpẹ́ àti ìjẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan ni. Ẹni tó ń dúpẹ́ ń jẹ́wọ́ ni pé báyìí báyìí ló ṣẹlẹ̀, èmi kọ́ ni mo ṣe é, ẹnì kan ló ṣe é fún mi. Bí olè bá dé iwájú adájọ́ tó ní "mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo," tí kò dárúkọ ohun kan, ṣé ó jẹ́wọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni "Olúwa, mo dúpẹ́ fún ohun gbogbo" ṣe rí nígbà tí kò bá sí ohun kan pàtó nínú rẹ̀.

Ẹjọ́ àwọn mẹ́sàn-án

Gbogbo wa la mọ ìtàn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá inú Lúùkù 17, tí Jésù wò sàn, tó fi jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló padà wá dúpẹ́. A ti bú àwọn mẹ́sàn-án tí kò padà yẹn tó lórí pẹpẹ ìwàásù. Lónìí, ẹ jẹ́ ká bá wọn ro ẹjọ́ wọn díẹ̀.

Kí ni Jésù ní kí wọ́n ṣe? Ó ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àlùfáà. Wọ́n sì ń lọ. Ìgbọràn ni wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó ń dúró dè wọ́n lọ́dọ̀ àlùfáà kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ẹ ka Léfítíkù 14. Wọ́n á wá ẹyẹ méjì, igi kédárì, òwú òdòdó àti hísópù. Wọ́n á pa ẹyẹ kan nínú ìkòkò amọ̀ lórí omi tó ń ṣàn, wọ́n á tú èkejì sílẹ̀ kó fò lọ sínú pápá. Ẹni tó fẹ́ di mímọ́ náà á fọ aṣọ, á fá irun, á wẹ̀, á sì wà lẹ́yìn àgọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Lọ́jọ́ keje á tún fá irun orí, irungbọ̀n, títí kan irun òkè ojú. Lọ́jọ́ kẹjọ, akọ ọ̀dọ́ àgùntàn méjì, abo kan, ìyẹ̀fun, òróró. Tálákà nìkan ni wọ́n dín ti rẹ̀ kù sí ọ̀dọ́ àgùntàn kan àti ẹyẹ méjì. Ẹni tí irú ètò báyìí wà níwájú rẹ̀, tí ojú ilé sì ń pa á, ó yẹ ká mọ ìdí tí kò fi ṣẹ́rí padà.

Ìwà burúkú kọ́ ló pa ọpẹ́ àwọn mẹ́sàn-án. Oore tí wọ́n rí gbà ló ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú, iṣẹ́ yẹn ló sì gba ọpẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nínú gbogbo ohun tó ń ba ọpẹ́ jẹ́, èyí ni mo rò pé ó wọ́pọ̀ jù láàárín onígbàgbọ́ rere, òun náà la sì kì í sábà wàásù rẹ̀.

Ẹ wò ó nílé wa. Orúkọ ọmọ jáde ní yunifásítì. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ariwo ayọ̀, wọ́n ti gbé e sórí WhatsApp kí Ọlọ́run tó gbọ́. Lẹ́yìn náà, owó ìgbàwọlé. Fọ́ọ̀mù. Ilé tí ọmọ máa gbé. Fóòmù ìbùsùn, ìkòkò, sítóòfù. Kó tó di alẹ́, ìyá ọmọ ti wà lórí eékún, owó ló ń tọrọ. Tàbí aláìsàn tí dókítà ní kó máa lọ sílé: owó tó kù láti san, oògùn tí wọ́n kọ, mọ́tò tí kò ní gbọn ojú ọgbẹ́, ọjọ́ tí yóò padà wá. Ọpẹ́ ti di ohun tí a ó ṣe tí ara bá balẹ̀. Ara kì í sì í balẹ̀.

Bíbélì kò sọ pé ọ̀kan tó padà, ará Samáríà yẹn, kò lọ sọ́dọ̀ àlùfáà mọ́. Ètò ló yí padà: ọpẹ́ kọ́kọ́, ìrìn àjò lẹ́yìn. Nítorí náà, ohun tí a ó máa ṣe nìyí. Bí ìròyìn ayọ̀ bá bá ọ níbikíbi, dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì kí o tó mú fóònù. Dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Dárúkọ ẹni tí Ọlọ́run lò. Rántí ìgbà tí o kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀, kí o sì sọ iye ọjọ́ tàbí ọdún tó gbà. Lẹ́yìn náà, pe ẹni tí wàá pè. Ìṣẹ́jú méjì ni mo wí, kì í ṣe wákàtí méjì, nítorí pé ẹni tó bá sọ ọ́ di ìsìn alálẹ́ kò ní lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ìwé alẹ́

Èyí tí a sọ tán yìí wà fún oore ńlá. Oore ojoojúmọ́ nílò nǹkan mìíràn, nítorí oore ojoojúmọ́ kì í pariwo. Ẹ ra ìwé ilé-ìwé olóju ewé ogójì kan àti bíró kan. Ẹ fi so mọ́ ara wọn bí ọmọ bá wà nílé tó máa ń gbé bíró. Ẹ gbé e síbi tí ẹ ń gbé orí sí. Lálaalẹ́, kí iná tó kú, ẹ kọ ohun mẹ́ta. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: kí ni, níbo, ìgbà wo, ọwọ́ ta ni.

"Mo dúpẹ́ fún ààbò" kò dáhùn ọ̀kan. Èyí ló dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: "Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́ta ọ̀sán, táyà jò lọ́nà Ìkẹ́rẹ́; ọlọ́kadà kan tí a kò mọ̀ rí yà wá jáàkì, ó dúró tì wá títí a fi pa táyà dà." Bí ẹ bá ka èyí ní oṣù mẹ́fà sí i, ẹ ó tún rí ojú ọlọ́kadà náà. Ti àkọ́kọ́, kò sí ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní máa ń dùn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni nǹkan máa ń bàjẹ́: ẹ̀mí, ìlera, ààbò, ẹ̀mí, ìlera, ààbò, bí àkọ́sórí. Ohun tó fà á ni pé ohun ńlá nìkan ni ojú ń wá, ohun ńlá kì í sì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Oògùn rẹ̀ rọrùn. Ẹ pín ohun mẹ́ta náà: ọ̀kan láti inú ara yín (oorun tí ẹ sùn, orúnkún tí kò dùn yín lórí àtẹ̀gùn), ọ̀kan láti ọwọ́ ẹlòmíràn, ọ̀kan nínú ohun tó yẹ kó bàjẹ́ tí kò bàjẹ́. Ẹni tó bá pín in báyìí kì í tètè rí òfo.

Àìṣedéédéé kejì ni kí èèyàn fo alẹ́ mẹ́rin, kó wá jókòó máa rò ó bóyá ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni tàbí Ọjọ́bọ̀. Ẹ má san gbèsè sẹ́yìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ tí ẹ wà. Ẹ̀kẹta ni kí èèyàn máa kọ ọ́ kí ọkọ tàbí ìyàwó lè kà á. Bó bá ti di ohun tí à ń fi han ẹlòmíràn, ìwà á ti yí padà nínú rẹ̀.

Ojú ewé tó gbẹ̀yìn nínú ìwé náà ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ibẹ̀ ni ẹ ó kọ ohun tí ẹ ń tọrọ sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ Sátidé, ẹ ṣí i. Èyí tó bá ti rí ìdáhùn, ẹ fi ìlà pa á, kí ẹ sì gbé e wá síwájú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹ. Òun lẹ ó gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Ẹ kú àná ti Ọlọ́run nìyẹn.

Àwọn ìyá wa tí kò kàwé kò nílò ìwé. Ìka ọwọ́ tó. Sáàmù 103 sọ fún ọkàn pé kó má ṣe gbàgbé gbogbo oore Olúwa, ẹsẹ kẹta dé ìkarùn-ún sì ka oore náà bí ẹni ń ka ìka: ó dárí jì ọ́, ó wò ọ́ sàn, ó rà ọ́ padà kúrò nínú ìparun, ó fi ìṣeun dé ọ ládé, ó fi ohun rere tẹ́ ọ lọ́rùn. Márùn-ún géérégé. Kí ìyá di ìka kọ̀ọ̀kan mú, kó sì sọ èyí tó rí lónìí sí i.

Lẹ́yìn iyán

Àwa ará Èkìtì, ọ̀rọ̀ wa kò lè gùn kó má kan iyán. Ẹ gbọ́ àdúrà tí à ń gbà sórí oúnjẹ dáadáa: "Bùkún oúnjẹ yìí, pèsè fún àwọn tí kò ní, má jẹ̀ẹ́ kó di májèlé." Ìbéèrè mẹ́ta. Ọpẹ́ dà? Gbogbo ibi tí Jésù ti bu búrẹ́dì nínú ìwé Ìhìnrere, ọpẹ́ ló dá tàbí ìbùkún ló fi fún Ọlọ́run, kó tó bù ú. Títí kan alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fi í hàn.

Diutarónómì 8:10 tún wá sọ ohun tí a ti gbàgbé pátápátá: nígbà tí o bá jẹun tán, tí o sì yó, nígbà náà ni kí o fi ìbùkún fún Olúwa. Lẹ́yìn oúnjẹ ni o. Yorùbá mọ èyí kí Bíbélì tó dé. Ọmọ tó jẹun tán á kúnlẹ̀, á ní "ẹ ṣé mà," ìyá rẹ̀ á ní "á gba ibi ire." Ẹ wo bí ó ti bọ́gbọ́n mu tó: ebi lè mú kí ẹnikẹ́ni dúpẹ́ ṣáájú oúnjẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti yó, ẹsẹ mélòó kan sísàlẹ̀ ni Mósè ti kìlọ̀ pé ọkàn lè gbé sókè, kí a máa wí pé agbára ọwọ́ mi ló ṣe é.

Nítorí náà, ẹ gbìyànjú èyí nílé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ tí gbogbo ilé bá jọ jẹun. Kí abọ́ tó kúrò nílẹ̀, kí àwọn ọmọ ka iye ọwọ́ tó kan òkèlè tí wọ́n gbé mì kẹ́yìn. Ẹni tó kọ ebè. Ẹni tó gbin èbù. Ẹni tó fi igi gbé ìtàkùn rẹ̀ nígbà tó ń fà. Ẹni tó ro oko, ẹni tó wa iṣu, awakọ̀ tó kó o wọ̀lú, ìyá tó tà á ní Ọjà Ọba, ẹni tó rà á, ẹni tó bó o, ẹni tó gún un. Mẹ́wàá rèé, a kò tíì dé ọbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì máa kùn pé iyán ní kókó, ẹ rántí pé iyán oníkókó náà, ẹnì kan ló gún un.

Ìkórè, àgbò àti fìríìsà

Nínú òfin Mósè, ọrẹ ọpẹ́ ní ìlànà tó ṣàjèjì. Léfítíkù 7 sọ pé oríṣi àkàrà mẹ́rin ló máa tẹ̀ lé e: aláìwú tí a fi òróró pò, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ta òróró sí, ti ìyẹ̀fun kíkúnná, àti èyí tó ní ìwúkàrà. Ẹran rẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán. Ìkankan kò gbọdọ̀ di òwúrọ̀. Bó bá jẹ́ ẹran ẹ̀jẹ́, wọ́n yọ̀ǹda kó di ọjọ́ kejì. Ti ọpẹ́, rárá.

Ìwé náà kò sọ ìdí rẹ̀, àmọ́ ẹ ṣe ìṣirò. Ọkùnrin kan, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin, odidi àgùntàn kan, ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọn ò lè jẹ ẹ́ tán. Àfi kí wọ́n pe aládùúgbò, kí wọ́n pe opó, kí wọ́n pe àlejò. Ẹni tí a bá sì pè wá jẹ ẹran láìròtẹ́lẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ ni pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Sísọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un ni ọpẹ́ náà.

Ẹ fi wé tiwa. Ìlàjì àgbò ìdúpẹ́ ti wọ fìríìsà kí àlùfáà tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Àwọn tí a pè, àwọn tó lè ra aṣọ ẹbí ni. Opó tó ń gbé ní ojúlé kejì ń gbóòórùn ọbẹ̀ láti ẹ̀yìn fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ gbèsè náà ńkọ́? Ẹnì kan yá owó ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù láti fi dúpẹ́ pé Ọlọ́run yọ òun nínú gbèsè. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó fà á ni pé a ń fi ìwọ̀n ìdúpẹ́ ẹlòmíràn wọn tiwa. Nígbà tí Màríà lọ sí tẹ́ḿpìlì lẹ́yìn ìbí Jésù, ẹyẹ méjì ló mú lọ (Lúùkù 2:24), ìyẹn sì ni ìwọ̀n tí Léfítíkù 12 là sílẹ̀ fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ọ̀dọ́ àgùntàn. Olúwa ayé ló gbé lọ́wọ́ o, kò sì yá àgùntàn. Ìmọ̀ràn mi ni pé, bí owó ìdúpẹ́ bá máa kù tí ẹ ń san án lẹ́yìn oṣù tí ẹ ṣe é, ó ti tóbi jù. Ẹ dín in kù títí yóò fi wọ inú owó tó wà nílẹ̀.

Ti ìkórè, ohun kan wà nínú Diutarónómì 26 tí ó wù mí kí ìjọ wa mú lò. Ẹni tó gbé agbọ̀n àkọ́so wá kì í gbé e kalẹ̀ kó lọ jókòó. Ó máa ń ka ìtàn, láti orí bàbá ńlá tó jẹ́ alárìnkiri, dé oko ẹrú Íjíbítì, dé ilẹ̀ tó ti kórè. Gbólóhùn bí mélòó kan ni. Ìdílé Èkìtì lè kọ tirẹ̀ báyìí: "Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn bàbá ńlá wa sá kúrò lóko. Ní 1886 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ní 1893 àwọn ọmọ ogun túká, ọ̀nà oko là. Ní 1930 ìsọjí tí Ọlọ́run lo Joseph Ayọ̀ Babalọlá fún dé Ẹ̀fọ̀n Aláàyè. Ní 1933 Archdeacon Henry Dallimore dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó, ọmọ àgbẹ̀ sì di olùkọ́. Lọ́dún yìí, iṣu wa jáde, ìyá wa bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ. Nísinsìnyí, Olúwa, agbọ̀n wa rèé." Kí ọmọ ilé tó kéré jù tó mọ̀wé kà ló kà á. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ má jẹ́ kí ó gùn jù bẹ́ẹ̀, torí ìjọ pọ̀.

"Ọlọ́run ló ṣe é, kì í ṣe èèyàn"

Gbólóhùn yìí máa ń bí mi nínú. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, àmọ́ àìmoore ti wọ ẹ̀wù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó san owó ilé-ìwé, nọ́ọ̀sì tó jókòó tì ọ́ ní aago méjì òru, a dé iwájú ìjọ a ní "kì í ṣe èèyàn o." Pọ́ọ̀lù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Róòmù 16 ó dárúkọ Pírísílà àti Ákúílà, ó ní wọ́n fi ọrùn ara wọn lélẹ̀ nítorí ẹ̀mí òun, ó sì ní kì í ṣe òun nìkan ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Agbọ́tí Fáráò lẹ gbọdọ̀ fi kọ́gbọ́n: ó gbàgbé Jósẹ́fù tó túmọ̀ àlá rẹ̀ fún un, ọdún méjì sì kọjá lórí Jósẹ́fù nínú túbú. Ìgbàgbé ẹnì kan lè fi ẹlòmíràn sínú ẹ̀wọ̀n.

Ẹ bẹ èèyàn wò lẹ́sẹ̀. Ìpè fóònù dára. Ẹsẹ̀ dára jù ú lọ. Ẹ má sì ṣe gbé ẹ̀bẹ̀ tuntun lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. "Ẹ ṣé gan-an ni, mà, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kékeré kan tún wà..." Ẹni náà ti mọ̀ pé ọpẹ́ yẹn, ìdẹ lásán ni. Mo mọ̀ pé a máa ń sọ pé yinni yinni kẹ́ni ó ṣe òmíràn. Ó wúlò láàárín ọjà. Lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ọpẹ́ tí à ń dá kí òmíràn lè wá, ẹ̀bẹ̀ ló jẹ́, aṣọ ọpẹ́ ló wọ̀.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ìbátan rẹ̀, ọpẹ́ Farisí: "Mo dúpẹ́ pé n kò rí bí àwọn yòókù." Ẹni tó dúpẹ́ pé ọmọ òun gbọ́n ju ọmọ aládùúgbò lọ ti fi aládùúgbò ṣe àtẹ̀gùn. Ìwọ̀n kan wà láti fi mọ̀ ọ́n: ṣé ẹ lè dá ọpẹ́ náà ketekete lójú ẹni tí ẹ dárúkọ nínú rẹ̀? Bí ẹ kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e jù sílẹ̀.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Tẹsalóníkà Kìn-ín-ní 5:18 ní ká máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo. Nínú. Ẹnì kan á ní Éfésù 5:20 ńkọ́, tó ní fún ohun gbogbo? Pọ́ọ̀lù kan náà ló sọ nínú Fílípì 2:27 pé bí Ẹpafíródítù, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, bá kú, ìbànújẹ́ lórí ìbànújẹ́ ni ìbá jẹ́ fún òun. Kò sọ pé òun ìbá dúpẹ́ fún ikú náà.

Bí ọmọ bá kú, àwọn kan á wọlé, wọn ò tíì jókòó, "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ." Òbí tó sin ọmọ lánàá, kí ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú rẹ̀? Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn, lọ́jọ́ tó bá wá sí i lẹ́nu. Àlejò kò lè sọ ọ́ fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ méje láìfọhùn, ohun tó dára jù tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́.

Fún ọlọ́fọ̀ fúnra rẹ̀, Sáàmù 13 wà. Ẹsẹ mẹ́fà péré. Méjì àkọ́kọ́, ìráhùn: yóò ti pẹ́ tó? Méjì tó tẹ̀ lé e, ẹ̀bẹ̀. Méjì ìkẹyìn ni orin. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fò lé mẹ́rin kó tó dé méjì ìkẹyìn, kò sì sẹ́ni tó ní kí a ka gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Àwọn kan á lo oṣù mẹ́ta lórí ẹsẹ kìn-ín-ní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó. Léà ìyàwó Jékọ́bù náà, ọmọ mẹ́ta ló bí tó fi orúkọ wọn sunkún ìfẹ́ ọkọ rẹ̀. Ìgbà tó dórí ẹ̀kẹrin ló ní "nígbà yìí, èmi ó yin Olúwa," ó sọ ọ́ ní Júdà. Jékọ́bù kò tíì yí padà nígbà náà o.

Ó ku iṣẹ́ kan ká tó túká. Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn ọ̀dọ́ bá wa pín bébà yẹn. Sáàmù 136 ní ẹsẹ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, gbogbo wọn ló sì parí sí ibì kan náà: nítorí tí àánú rẹ̀ dúró láéláé. Ohun tó wà níwájú ègbè yẹn ni kí ẹ wò: ẹni tó dá oòrùn, ẹni tó pín Òkun Pupa níyà, ẹni tó pa Síhónì ọba, Ógù ọba. Orúkọ àti ibùgbé ló kún inú rẹ̀. Ẹ kọ ìlà mẹ́rin tiyín báyìí. Kí ìlà kan jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí yín. Kí ìkejì jẹ́ ọdún tí ẹ kò lè gbàgbé, ẹ kọ ọdún náà. Kí ìkẹta ní orúkọ ẹnì kan nínú, kó jẹ́ ẹni tó ṣì wà láàyè. Kí ìkẹrin jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí. Ìyá tí kò bá lè kọ, kó sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó bá a kọ ọ́. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní ìlà kẹta, ẹ lọ kí i lọ́la kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀.